Ṣé Lóòótọ́ Ni Wọ́n Ti Lè Sọ SS Di AA?

Láti ìparí ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp àti Facebook: pé wọ́n ti rí ìtọ́jú tó ń sọ ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, di AA. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní irọ́ gbuu ni, pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ta oògùn gbogboǹṣe ni. Àwọn mìíràn gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, débi pé ọkùnrin AS àti obìnrin AS tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn sọ́nà ti ń fi ṣe ẹ̀rí: "Ṣebí wọ́n ti rí oògùn rẹ̀, kí la tún ń bẹ̀rù?"

Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ìtọ́jú náà wà lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó gbà á. Ṣùgbọ́n kì í sọ ẹnikẹ́ni di AA. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, torí pé ti ilé wa ni. Kò sí orílẹ̀-èdè kan láyé tí wọ́n ti ń bí ọmọ SS tó Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ẹnì kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ AS.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe nínú ara. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní hẹmoglóbìn. Òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró káàkiri ara. Bí ara yóò ṣe máa ṣe hẹmoglóbìn yìí wà ní àkọsílẹ̀ nínú jíìnì tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wa. Lẹ́tà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ fi ń ka àkọsílẹ̀ náà: A, T, G àti C. (Ẹ má fi A yìí pe A tó wà nínú AA o, ọ̀tọ̀ ni wọ́n.) Lẹ́tà tó wà nínú odindi àkọsílẹ̀ tí òbí kan fún wa tó bílíọ̀nù mẹ́ta. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń fa gbogbo wàhálà tí ẹ mọ̀ yìí. Níbi tó yẹ kí a ti ka GAG, GTG ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà A kan di T, ó parí.

Nítorí ẹyọ lẹ́tà yẹn, hẹmoglóbìn tí ara ń ṣe máa ń so mọ́ ara wọn gbọọrọ nígbà tí ọ́síjìn bá ti kúrò lára wọn. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rọ̀, kó lè gba inú iṣan tóóró kọjá, á wá tẹ̀, á le gbagidi, á sì dí ojú iṣan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti ráyè dé ni kíráísì, ìyẹn ìrora líle, ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn, àyà, itan, oríkèé. Sẹ́ẹ̀lì pupa gidi máa ń lo bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti SS kì í sábà ju ogún ọjọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi ń gbẹ, tí ojú wọn sì ń pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú.

Gbogbo èyí kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Ní 1949 ni Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti fi hàn pé hẹmoglóbìn àwọn aláìsàn yìí yàtọ̀. Ní 1956, Vernon Ingram ní Cambridge tọ́ka sí ibi gan-an tó ti yàtọ̀. A ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ tipẹ́. Ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀ ni kò sí.

Ohun kan wà tí àwọn ìyá ọmọ SS mọ̀ dáadáa, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ara ọmọ náà á yá gágá. Kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ lára àwọn ọmọ yòókù. Nígbà tó bá ń lọ sí bí oṣù mẹ́fà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí á máa ké tí kò ní dákẹ́, tí àwọn ará ilé á sì máa wá ẹni tó ṣe é. Dókítà kan ní Brooklyn, Janet Watson, ṣàkíyèsí nǹkan yìí ní 1948, ó sì sọ ohun tó rò pé ó fà á. Ọmọ inú oyún kì í lo irú hẹmoglóbìn tí àgbàlagbà ń lò. Tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní F, ó sì dára púpọ̀, torí pé kì í jẹ́ kí S, ìyẹn hẹmoglóbìn àwọn SS, so mọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bí ọmọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ti F pa díẹ̀díẹ̀, á sì ṣí ti àgbàlagbà. Bí F ṣe ń tán lọ ni àìsàn ń yọjú.

Àwọn SS kan wà tí F wọn kì í tán tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n pọ̀ ní apá ìlà oòrùn Saudi Arabia àti ní apá kan Íńdíà, àìsàn náà kì í sì í sábà le lára wọn. Látibẹ̀ ni ìbéèrè ti wá: kí ló ń ti F pa? Ní 2008, Stuart Orkin, Vijay Sankaran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston tọ́ka sí jíìnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BCL11A. Òun ló ń pàṣẹ pé kí ara dáwọ́ F dúró. Ẹ ò rí i báyìí pé ọ̀nà mìíràn ti là. Kò pọn dandan kí ènìyàn lọ tún lẹ́tà tó bàjẹ́ ṣe. Bí a bá lè pa BCL11A lẹ́nu mọ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan, F á padà wá, ẹni náà á sì padà sí ipò tó wà nígbà tó jẹ́ ọmọ ọwọ́.

Báwo wá ni ọwọ́ ènìyàn ṣe lè dé inú sẹ́ẹ̀lì láti ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Ibi tí irinṣẹ́ náà ti wá ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí, torí pé kò sí ẹni tó ń wá oògùn fòníkú-fọ̀ladìde níbẹ̀ rárá. Ní 1987, Yoshizumi Ishino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Osaka ní Japan ń yẹ jíìnì bakitéríà kan wò. Wọ́n rí àwọn lẹ́tà kan tó ń tún ara wọn kọ, tí àlàfo sì wà láàárín wọn. Wọn ò mọ ohun tó wà fún, wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ sí i, Francisco Mojica ní Alicante, ní Sípéènì, rí irú rẹ̀ nínú àwọn ẹ̀dá kékeré àìfojúrí tó ń gbé inú omi iyọ̀ ní Santa Pola létí òkun. Omi iyọ̀ lásán-làsàn! Ọkùnrin yìí kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó lé e fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, títí ó fi rí i pé àwọn lẹ́tà tó wà nínú àlàfo wọ̀nyẹn kì í ṣe ti ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀. Ègé jíìnì àwọn fáírọ́ọ̀sì tó máa ń gbógun tì í ni. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005. Bakitéríà pẹ̀lú ń ṣàìsàn, kì í sì í gbàgbé, ó ń tọ́jú àmì ọ̀tá pamọ́ kó lè dá a mọ̀ bó bá tún padà wá.

Àwọn tó ń ṣe yógọ́ọ̀tì ló fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Bakitéríà ló ń sọ wàrà di yógọ́ọ̀tì àti wàràkàṣì, fáírọ́ọ̀sì sì máa ń pa wọ́n nínú agolo, kí gbogbo wàrà ọjọ́ yẹn bàjẹ́. Ní 2007, Rodolphe Barrangou, Philippe Horvath àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé iṣẹ́ Danisco fi hàn pé bakitéríà tó bá la ìkọlù fáírọ́ọ̀sì kan já ti fi ègé jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà sínú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀, àti pé láti ìgbà náà lọ, fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún ò lè pa á mọ́.

Ohun tí bakitéríà fi ń jà ni púrótéènì kan tó ń gé DNA, ìyẹn okùn tí àkọsílẹ̀ jíìnì wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n lò jù nínú wọn ni Cas9, láti ara bakitéríà tó máa ń mú ọ̀nà ọ̀fun dun ènìyàn. Ẹ rò ó bí ajá ọdẹ tí wọ́n fún ní aṣọ olè gbóòórùn: gbogbo ọjà ló ń gbà kọjá, ẹni tí òórùn rẹ̀ bá ti aṣọ náà mu nìkan ló máa bù jẹ. Aṣọ náà ni ègé RNA kékeré kan, ohun tó jọ DNA, tí Cas9 ń gbé kiri. Ohun tí Emmanuelle Charpentier, ọmọ Faransé, àti Jennifer Doudna, ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní 2012 ni pé ènìyàn lè pààrọ̀ aṣọ náà. Kọ RNA tó bá ibi tí o fẹ́ mu, Cas9 á sì lọ gé ibẹ̀. CRISPR ni wọ́n ń pe gbogbo ètò náà. Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ni wọ́n fi dá àwọn obìnrin méjèèjì lọ́lá ní 2020.

Ó wá ku kí a rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún aláìsàn. Victoria Gray, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin láti ìlú Forest ní Mississippi, ni SS àkọ́kọ́ tó gbà á ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 34 ni ní 2019. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ lórí fóònù, ẹ ó rò pé abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n gún un. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Wọ́n á kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn náà lára léraléra fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní oògùn tó ń lé àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yòókù, kúrò nínú mùdùnmúdùn egungun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ kan á fa ẹ̀jẹ̀ náà gba ọ̀nà kan, á ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, á sì dá ìyókù padà sínú ara. Ìgbà mìíràn, èyí tí wọ́n ṣà lẹ́ẹ̀kan kì í tó, aláìsàn á tún padà wá. Wọ́n á kó àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lọ sí láàbù, níbi tí Cas9 á ti gé BCL11A ní ibi pàtó tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á yẹ̀ wọ́n wò tinútòde, oṣù bíi mélòó kan sì lè kọjá kí wọ́n tó tó lò.

Ibi tó le jù ló kàn. Kí sẹ́ẹ̀lì tuntun tó rí àyè, wọ́n gbọ́dọ̀ gbá àwọn ti àtijọ́ kúrò nínú mùdùnmúdùn. Oògùn kan tó ń jẹ́ busulfan ni wọ́n fi ń ṣe é, irú oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Irun á re, ẹnu á dá egbò, aláìsàn kò ní lè jẹun, ara rẹ̀ kò sì ní lè bá kòkòrò kankan jà. Ó ṣeé ṣe kó máà lè bímọ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ tọ́jú ẹyin tàbí àtọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ìgbà náà ni wọ́n á tó fi dírìpù dá sẹ́ẹ̀lì tó ti gba iṣẹ́ padà sí i lára. Ó tún máa wà ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú yàrá tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Nínú àwọn 31 tí wọ́n ti ṣọ́ pẹ́ tó nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń yẹ̀ ẹ́ wò, 29 ni kò ní kíráísì líle kankan fún ó kéré tán ọdún kan gbáko. Àwọn tí ilé ìwòsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilé fún tẹ́lẹ̀ ni wọ̀nyí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lágbàáyé, ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 12 sókè. Casgevy ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ kan náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èkejì, Lyfgenia, tí ìyẹn ń fi odindi jíìnì mìíràn kún inú sẹ́ẹ̀lì dípò kó gé nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí SS àti AA. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣàlàyé yìí, ta ló fọwọ́ kan lẹ́tà T tó wà níbi tó yẹ kí A wà? Kò sẹ́nì kankan. Lẹ́tà náà ṣì wà níbẹ̀ digbí. Bí ẹni tó gba Casgevy bá lọ ṣe àyẹ̀wò jẹnótáìpù, S ni wọ́n á ṣì bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú F tó pọ̀ tó láti máa bá S wọ̀yá ìjà. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe AA.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin kò sí níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ SS tó gba ìtọ́jú yìí, S ni yóò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí, bíi ti tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó gba mùdùnmúdùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Ìtọ́jú ìyẹn ti wà tipẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè wá jọ ti ẹni tó fún un. Síbẹ̀, ohun tó bí i mọ́ ara rẹ̀ náà ni yóò fi bímọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin AS méjì tí ẹ ń gbèrò láti fẹ́ ara yín, ìròyìn yìí kò yí ìṣirò yín padà rárá. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS, ìdá méjì pé á jẹ́ AS, ìdá kan pé á jẹ́ AA. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ ṣe. Mo ti gbọ́ tí àwọn òbí ń sọ pé àkọ́bí ti gba SS, nítorí náà ó ti tán nílẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò bọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ kẹrin lè jẹ́ SS bí àkọ́bí ṣe jẹ́ ẹ.

Owó ńkọ́? Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n ka Casgevy sí ní Amẹ́ríkà fún ẹnì kan. Lyfgenia jẹ́ mílíọ̀nù 3.1. Ní England, NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, gbà ní oṣù Kìíní ọdún 2025 láti máa san án fún àwọn SS kan tí àìsàn náà le lára wọn, èèyàn bí àádọ́ta lọ́dún. Ẹ̀yin ará wa tó wà níbẹ̀, ó tọ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹ̀jẹ̀ yín bóyá ó kàn yín. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ kò lè fi ọkàn sí i báyìí, kì í sì í ṣe tìtorí owó nìkan. Ìtọ́jú yẹn nílò yàrá, ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ nígbà gbogbo, àti iná tí kì í lọ.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń lé báyìí ni bí wọn kò ṣe ní yọ sẹ́ẹ̀lì jáde mọ́, tí wọn kò sì ní lo busulfan, tí á jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi rán irinṣẹ́ náà lọ sínú mùdùnmúdùn. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà àti Àjọ Gates jọ ṣèlérí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti wá irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ tí Áfíríkà lè rà. Ní 2025, àwọn dókítà ní Philadelphia fi abẹ́rẹ́ tún ẹyọ lẹ́tà kan ṣe nínú ẹ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ kan tó ní àìsàn mìíràn tó ṣọ̀wọ́n gan-an, láìyọ sẹ́ẹ̀lì kankan jáde. Ẹ̀dọ̀ rọrùn láti dé nítorí pé òun ló ń gba ọ̀pọ̀ ohun tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mùdùnmúdùn ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí gbogbo wa ṣe ń wo òkè òkun yìí, oògùn kan wà nílé tó ń gba ọ̀nà kan náà, tí ọ̀pọ̀ òbí ò sì tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Hydroxyurea ni. Ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1869, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà pé yóò wúlò fún ẹ̀jẹ̀. Òun náà máa ń mú kí F pọ̀ sí i, oníhóró tí ènìyàn ń gbé mì lójoojúmọ́ ni. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà tó jẹ́ SS ní 1998. Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà láti fún ọmọdé ní Áfíríkà, wọ́n ń rò pé ibà lè tètè pa wọ́n. Wọ́n wá dán an wò fún àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́wàá ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Nígbà tí èsì jáde, kíráísì ti dín kù ju ìlàjì lọ, ibà náà dín kù, ikú sì dín kù gan-an. Ilé iṣẹ́ kan ní Àwẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ń ṣe oògùn yìí. Ó ní ohun tó ń bá a rìn: ó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó ní láti máa gba àyẹ̀wò déédéé, aláboyún kò sì gbọ́dọ̀ dá a lò fúnra rẹ̀. Kì í ṣe oògùn tí à ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì àdúgbò, ká sì máa gbé mì.

Àgbò ńkọ́? Kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ tì. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò orín àtà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìjọba ní Àbújá ti rí èyí tí wọ́n sọ di Niprisan, tí iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà wà nínú rẹ̀. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn bó ṣe yẹ, ó dín kíráísì kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2006. Kò tó ọdún mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe é fi wọ gbèsè, tí oògùn náà sì di àwátì. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìgò tí kò ní àkọlé tí ẹnì kan ń tà nínú ọkọ̀ pé ó ń sọ SS di AA. Kò sí ohun tí ènìyàn lè mu tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí Cas9 fúnra rẹ̀ kò ṣe é.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ jẹ́ AS, kó má dúró di ìgbà tí ọwọ́ ọmọ bá wú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ọmọ ọwọ́, nígbà tí F rẹ̀ ṣì ń dáàbò bò ó. Bó bá jẹ́ SS, wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ pẹnisílíìnì àti oògùn ìdènà ibà, kí wọ́n pé gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, kí dókítà sì sọ ìgbà tí hydroxyurea yóò kàn án.